Ẹ̀jẹ́ Tí Mo Gbé Lọ sí Jọ́dánì

Ìgbó-Ọrà, Ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù kẹta, 1972

Wọ́n ti pe orúkọ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Èmi, tí wọ́n ń pè ní Tíṣà Rosaline, àti Màmá Salome tó ń ta aṣọ ní Erúwà ni a máa bá àwọn ará Ìbàdàn lọ sí Jerúsálẹ́mù nígbà Àjíǹde. Olùṣọ́àgùntàn Òkè, tó wá láti Ìbàdàn, ni yóò ṣáájú wa. Nígbà tí wọ́n ní kí a dìde kí ìjọ lè rí wa, Màmá Salome rọra dìde, ó tún gèlè ṣe, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì kí ẹnikẹ́ni má baà pàdánù rẹ̀. Èmi kàn ń wo ilẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti jáde ni wọ́n ti ń rán mi níṣẹ́ àdúrà. Ẹnìkan ní kí n dárúkọ ọmọ òun níbi tí wọ́n ti kan Jésù mọ́ àgbélébùú. Ẹlòmíràn ní kí n bu omi Jọ́dánì wá fún òun nínú ìgò kékeré, kì í ṣe ńlá, nítorí òun mọ̀ pé ẹrù máa ń wúwo. Mo ń dáhùn pé mo gbọ́.

Ohun tí èmi ń bá lọ, ẹyọ kan ni. Lọ́dún 1968, nígbà tí ogun gbóná, tí a kò gbúròó Akínladé ọmọ mi mọ́ láti ojú ogun, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo ní bí Ọlọ́run bá mú un padà wálé láàyè, n ó fi ẹsẹ̀ ara mi wọ odò Jọ́dánì, n ó sì wẹ̀ nínú rẹ̀. Ọlọ́run mú un padà wálé. Èmi ni n kò tíì san ẹ̀jẹ́ náà. Ọkàn mi kò sì balẹ̀, nítorí ara rẹ̀ ló padà wá, n kò mọ ibi tí ìyókù rẹ̀ wà. Mò ń rò ó pé bí mo bá san ohun tí mo jẹ́, bóyá Ọlọ́run á dá ìyókù padà fún mi. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé bí n kò bá san án, ó lè gba èyí tó wà lọ́wọ́ mi.

Ìdèrè, Ọjọ́rú, 8 oṣù kẹta

Mo wá dágbére fún Akínladé níbi tó ń gbé. N kò bá a nílé, mo sì mọ ibi tí n ó ti rí i. Etí ọ̀gọ̀dọ̀ tí gbogbo àdúgbò ti ń pọn omi ló wà, lórí àpótí rẹ̀ lábẹ́ igi, ọ̀pá lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Ẹnikẹ́ni tí sòbìà bá ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ omi níṣojú Akínladé. Ó ní inú omi ni sòbìà ń bí ọmọ sí bí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti kàn án, àti pé ẹni tó bá mu omi ọ̀hún lónìí á rí tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Irọ́ kọ́. Àwọn oníṣẹ́ ìlera ti wá sọ ọ́, èmi náà ti fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ṣùgbọ́n kí èèyàn sọ ọ́ ní kíláàsì yàtọ̀ sí kí ó gbé àpótí jókòó ti omi gbogbo ìlú.

Mo ń kí i lọ́wọ́ nígbà tí Mùnírátù, ìyàwó Búrẹ́mọ̀ tí ilé wọn kángun sí ilé Akínladé, dé pẹ̀lú garawa. Ó fi àkísà di ẹsẹ̀, ó ń tiro.

“Dúró níbẹ̀, Ìyá Wàhábì,” ni Akínladé wí. “Gbé garawa wá, n ó pọn ọ́n fún ẹ.”

“Ṣé omi bàbá rẹ ni?” Ó yíjú sí mi. “Màmá Akínladé, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yín o. Ẹsẹ̀ ń ta mí, omi tútù nìkan ló ń rọ̀ mí lọ́rùn, ó ní n ò gbọdọ̀ kì í bọ̀ ọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ogun ló sọ ọ́ dà báyìí, ṣùgbọ́n àwa kọ́ la rán an lógun.”

Akínladé gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó pọn ọ́n kún, ó gbé e rù ú. Mùnírátù pòṣé, ó lọ.

Ojú tì mí dénú egungun. Mo ní, “Akínladé, ẹ̀gẹ́ rẹ ti di igbó.”

“Mo mọ̀, Màmá.”

“Ìwọ nìkan ni Ọlọ́run fi ṣọ́ omi?”

“N kò rí ẹlòmíràn níbẹ̀.”

Mo sọ fún un pé nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ń lọ sí Jọ́dánì. Ó fa aṣọ funfun kan yọ lápò, ó ti ká a dáadáa, ó ní kí n mú un dání, kí n máa fi sẹ́ omi níbikíbi tí mo bá dé kí n tó mu ún. Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá tí mo wá kí i, irú aṣọ yìí ló fi ń sẹ́ omi fún mi, mo bi í pé ṣé ògì ló fẹ́ pò ni, mo sì yà sí ilé Mùnírátù lọ mu omi nínú àmù tirẹ̀. Lónìí, mo gba aṣọ náà, mo sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpò mi.

Ìgbó-Ọrà, Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù kẹta

Ooru yìí kò ṣeé sọ. Òjò ṣú lánàá, ó tún ká ẹrù rẹ̀ lọ. Garawa omi kan ti di tọ́rọ́ ládùúgbò wa. Màmá Salome ránṣẹ́ pé ṣé aṣọ funfun mi ti ṣe tán. Tirẹ̀ jẹ́ méjì: èyí tí yóò wọ̀ wọnú Jọ́dánì, àti èyí tí àwọn èèyàn yóò rí lára rẹ̀ bó bá jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù kẹta

Ọrùn ẹsẹ̀ òsì mi ń yún mi. Ẹ̀fọn ni.

Ìkẹjà, Ọjọ́rú, 22 oṣù kẹta

Ní gbogbo ọ̀nà ni rédíò inú ọkọ̀ ń sọ pé láti ọjọ́ kejì oṣù tó ń bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà yóò máa gbà, a ti jáwọ́ nínú ọwọ́ òsì. Dẹ́rẹ́bà wa ní, “Ọjọ́ Àjíǹde gan-an ni wọ́n mú! Ẹni tó bá gbàgbé, ọ̀run ló máa jíǹde sí.” Màmá Salome ní kó dákẹ́, pé àwa ò tíì rí Jerúsálẹ́mù.

A ń dúró de bàálù. Mo ti gbàdúrà fún Akínladé lẹ́ẹ̀kan, mo tún gbà á.

Jerúsálẹ́mù, Ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù kẹta

Mo dé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè gbà á gbọ́.

Òtútù wà níbí, aṣọ òkè tí mo fẹ́ fi ṣe fáàrí ló di ohun ìbora. Èlíásì lorúkọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì wa. Árábù ni, onígbàgbọ́ sì ni, ìjọ wọn ti wà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Jésù ní Ìbàràpá. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára ju ti ọ̀gá ilé ìwé wa lọ, n kò ní sọ ìyẹn ní Ìgbó-Ọrà.

Ogun tó jà níbí ti lé lọ́dún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Ihò ọta ìbọn kún ara ẹnu ọ̀nà ìlú àtijọ́. Àwọn ọmọbìnrin tó yẹ kó wà nílé ìwé gíga gbé ìbọn kọ́ èjìká, wọ́n ń jẹ gúgúrú. Àwọn ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì rìbìtì rìbìtì ń gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìwò wọ́n. Mo mọ irú àìwò bẹ́ẹ̀. Bí Akínladé ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ aṣọ ṣọ́jà rẹ̀ kọjá níbi tí mo fi kọ́ nìyẹn, títí mo fi gbé e pamọ́.

Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ, 26 oṣù kẹta

A fi imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Ólífì. Èèyàn pọ̀, oríṣiríṣi èdè, gbogbo wa ń kọrin, kò sẹ́ni tó gbọ́ orin ẹnìkejì, ó sì dùn mọ́ mi. Ibi tí inú mi ti ń dùn ni ẹsẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Nígbà tí a padà dé ilé àlejò, mo rí i pé ọrùn ẹsẹ̀ náà ti wú, ó lé ròrò lórí bíi ti ẹni tí omi gbígbóná ta sí lára. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù kẹta

Ibà. Mo ní ó rẹ̀ mí, wọ́n fi mí sílẹ̀ lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Mo wá láti Ìgbó-Ọrà, n kò rí ibi tí wọ́n bí Jésù sí.

Jẹ́ríkò, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù kẹta

Òní ló yẹ kó jẹ́ ọjọ́ Jọ́dánì. Gbogbo wa ti wọ aṣọ funfun sábẹ́ aṣọ wa. A sọ̀kalẹ̀ lọ títí etí wa fi ń dí, ilẹ̀ gbẹ, ó funfun, kò sí koríko. Ọkọ̀ ogun kan tó ti jóná wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó ti dípẹtà, ewúrẹ́ kan dúró sábẹ́ òjìji rẹ̀.

Ibi tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún ti pa ọ̀nà dé ni ṣọ́jà kan ti dá wa dúró. Ọmọdé ni, ó ń bó ọsàn. Ó ní a kò lè lọ, bọ́ǹbù ni wọ́n rì mọ́ gbogbo ilẹ̀ títí dé etí odò, ibi tí wọ́n ti ri Jésù bọmi gan-an wà láàárín rẹ̀. Olùṣọ́àgùntàn Òkè bẹ̀ ẹ́ títí. Ọmọ náà ní òun náà kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀.

Èlíásì fi ìka hàn mí níbi tí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀ wà, lẹ́yìn wáyà. Mo ní ṣé wọn kò lè hú àwọn bọ́ǹbù náà kúrò? Ó ní àwọn tó rì wọ́n, àwọn kan ti kú, àwọn yòókù kò rántí ibi tí wọ́n rì wọ́n sí mọ́. Mo ronú sí i títí a fi padà dé: ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, tó dákẹ́ sínú ilẹ̀ lẹ́yìn ogun, tó ń dúró de ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Olùṣọ́àgùntàn ní ká má banújẹ́, pé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ a ó lọ sí Gálílì lókè, níbi tí odò náà ti ń jáde láti inú òkun. Omi kan náà ni. Inú mi dùn, mo sì tún ń bẹ̀rù. Mo ti mọ ohun tó wà lẹ́sẹ̀ mi, n kò kàn fẹ́ dárúkọ rẹ̀ ni.

Jerúsálẹ́mù, Ọjọ́rú, 29 oṣù kẹta

Ó bẹ́ lónìí bí mo ṣe ń fọ ẹsẹ̀. Òwú funfun kan yọrí jáde. Ọmọ Ìbàràpá wo ni kò mọ̀ ọ́n? Sòbìà ni. Mo sì mọ ilé tí mo ti gbé e: àmù Mùnírátù ni, lọ́jọ́ tí mo kọ omi tí ọmọ mi sẹ́ fún mi. Mo fò kọjá òkun, ó bá mi fò ó, n kò sì san owó ọkọ̀ fún un. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo lọ́ orí rẹ̀ mọ́ igi ìṣáná bí a ṣe máa ń ṣe é, díẹ̀díẹ̀, kó má baà já. Mo fi aṣọ funfun Akínladé dì í. N kò ní òmíràn tó mọ́ tó o.

Màmá Salome wọlé bá mi. “Sòbìà! Ní ìlú Jésù!” Ó ti ilẹ̀kùn. “Ìyá Akin, má jẹ́ kí wọ́n rí i o. Wọ́n á há ọ mọ́lé, wọ́n á tì ọ́ wọ bàálù.”

“Mo ti gbọ́.”

“Bí a bá dé Jọ́dánì, wọ inú omi, kí o dúró níbẹ̀ dáadáa. Omi tútù ló ń mú un jáde. Ìwọ náà mọ̀.”

Mo mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì Rere, 31 oṣù kẹta

Mo tiro tẹ̀lé wọn ní ọ̀nà tí Jésù ru àgbélébùú gbà. Òkúta ni gbogbo rẹ̀, ó ń gun òkè. Mo ní fún Màmá Salome pé èmi náà ń ru díẹ̀ lẹ́yìn Olúwa. Ó ní kí n má sọ̀rọ̀ òdì, ṣùgbọ́n ó fún mi ní apá rẹ̀ dì mú.

Ọjọ́ Àjíǹde, 2 oṣù kẹrin

Aago ń dún níbi gbogbo. Mo dárúkọ gbogbo ẹni tó rán mi, n kò gbàgbé ẹnìkan. Nílé, wọ́n ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún láti òwúrọ̀ yìí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwọn dẹ́rẹ́bà Ìbàràpá gbàgbé.

Gálílì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹrin

N ó kọ ọ́ bó ṣe rí.

Odò náà kéré. Mo ti rò pé yóò tóbi ju odò Ògùn lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá lápá lè sọ òkúta dé òdìkejì. Omi rẹ̀ mọ́, àwọn igi ńlá tẹ̀ bò ó. Nísàlẹ̀ díẹ̀, àwọn ọmọ kan ń wẹ̀, wọ́n ń ta omi síra wọn lójú. Ọ̀kan nínú wọn fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi, ó mu ún. Ọmọ yẹn ni mò ń wò nígbà tí àwọn yòókù ń bọ́ bàtà.

Olùṣọ́àgùntàn Òkè wọ inú omi dé ìbàdí, ó ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá Salome ké nígbà tí òtútù mú un, lẹ́yìn náà ó fi orin bọ̀ ọ́ kí a lè rò pé ayọ̀ ni. Gbogbo wọn wọ̀ ọ́, gbogbo wọn jáde.

“Tíṣà, ó kù yín o.”

Mo ti wà létí omi. Ẹsẹ̀ mi ń jó mi, omi sì wà níwájú mi, ìgbésẹ̀ kan péré. Gbogbo ara mi ló ń fẹ́ ẹ. Mo rántí bí mo ṣe kúnlẹ̀ lọ́dún ogun, àti pé ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo tún wo ọmọ tó ń mu omi. Nígbà náà ni Akínladé wá síwájú mi kedere, lórí àpótí rẹ̀, tí èmi ìyá rẹ̀ sì ń bi í pé ṣé òun nìkan ni Ọlọ́run fi ṣọ́ omi.

“Ẹ má bínú, sà,” mo wí. “N kò ní wọ̀ ọ́. Sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ mi.”

Olùṣọ́àgùntàn wo ẹsẹ̀ mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò bínú. Ó ní, “Tíṣà, odò mímọ́ ni. Láti ayé Jésù ni aráyé ti ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Sòbìà kan ṣoṣo kò lè bà á jẹ́.”

“Mo mọ̀ pé kò lè ṣe Jésù ní nǹkan kan, sà. Ọmọ tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni mò ń rò.”

Bóyá sòbìà kò tilẹ̀ lè gbé inú omi tó ń ṣàn tó sì tutù tó bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀. Kò sí oníṣẹ́ ìlera lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí n ó bi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ó bá jẹ́ Akínladé ló jókòó síbẹ̀, kò ní jẹ́ kí n wọ̀ ọ́.

Màmá Salome tí aṣọ rẹ̀ ń kán tótó sáré wá bá mi. “Ìyá Akin! Ẹ̀jẹ́ ńkọ́? O fẹ́ kí wọ́n bi ọ́ léèrè lára ọmọ ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Òun gan-an ni ẹ̀rù tí mo ti ń gbé kiri, Màmá Salome ló wá fi ẹnu sọ ọ́. Mo jókòó sórí òkúta, mo sunkún níṣojú àwọn ará Ìbàdàn, n kò tijú. Olùṣọ́àgùntàn ní kí òun bu omi sínú igbá, kí òun dà á lé mi lórí lókè, jìnnà sí odò. Mo kọ̀. Mo ní n ó wọ odò ni mo sọ, n kò dárúkọ igbá. N kò lè máa ná ẹ̀jẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí ẹni ná aṣọ. Kò jiyàn. Ó jókòó tì mí pẹ̀lú omi lára rẹ̀ títí Èlíásì fi fọn fèrè ọkọ̀.

Màmá Salome kò bá mi sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí a fẹ́ẹ̀ dé, ó gbé ìgò kan lé mi lẹ́sẹ̀. “Tìrẹ nìyẹn. Apá òkè ni mo ti bu ú, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì wẹ̀.”

Ìgbó-Ọrà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹrin

Mo dé. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ gbà láti Ìkẹjà wá, mo ń pa ojú dé ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ níwájú. Wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Jerúsálẹ́mù. Ilé kún fún èèyàn. Akínladé kò sí nínú wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kẹrin

Wọ́n ní kí n jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ̀rọ̀ nípa Òkè Ólífì, mo sọ̀rọ̀ nípa òtútù. Ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn pé, “Jọ́dánì ńkọ́?” Mo ní mo rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Akínladé kò wá lónìí náà. Mo bi gbogbo ẹni tó ti Ìdèrè wá, wọ́n ní ó tó ọjọ́ mélòó kan tí àwọn ti rí i. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò ń yọ̀. N kò lè jẹun. Bí nǹkan bá ti ṣe ọmọ yẹn, èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi dúró létí odò tí mo kọ̀ láti wọ̀ ọ́. N ó lọ lọ́la.

Ìdèrè, Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹrin

Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Mo tiro lọ sí ọ̀gọ̀dọ̀. Àpótí rẹ̀ wà lábẹ́ igi, ọ̀pá rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun kò sí níbẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí náà. Mo ní, “Ọlọ́run, o ti gbà á.” Mo sọ ọ́ síta.

Ibẹ̀ ni Mùnírátù ti bá mi. Ó kí mi kú àbọ̀ Jerúsálẹ́mù, ojú rẹ̀ ti wà lára omi. Ó wò yíká, ó rí i pé olùṣọ́ kò sí, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Àkísà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti gbé ọ̀pá náà dá a lọ́nà.

“Má wọ̀ ọ́.”

“Háà! Màmá Akínladé, ẹ̀yin náà?” Inú bí i. “Ó dáa, ẹ pọn ọ́n fún mi nígbà náà, bí ọmọ yín ṣe máa ń ṣe é.”

“Èmi náà kò lè wọ̀ ọ́.” Mo tú aṣọ funfun, mo fi ẹsẹ̀ mi hàn án, igi ìṣáná wà lára rẹ̀.

Mùnírátù wo ẹsẹ̀ mi, ó wo tirẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. “Inú ilé ta lẹ ti mu ún?”

“Inú ilé rẹ ni.”

Ẹ̀rín rẹ̀ dá wáí. Ó dojú garawa dé, ó jókòó lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a sì ń wo omi náà, àwa méjèèjì. Mo bi í pé níbo ni ọmọ mi wà, n kò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní, “Ṣé kì í ṣe oko ló wà ni? Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti ń rọ̀ yìí, abúlé oko ló ń sùn. Ó ń bọ̀ wá síbí láìpẹ́, oòrùn ò tíì ga.”

N kò lè sọ bí ara mi ṣe rí nígbà tí mo rí i tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ọkọ́ léjìká. Ó tinrín, ó dọ̀tí, ó wà láàyè. Ó dúró, ó ń wò wá.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá. N kò mọ̀ pé ẹ ti dé. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀gẹ́ ti di igbó.” Lẹ́yìn náà ló rí ẹsẹ̀ mi. Ó kúnlẹ̀, ó sì di igi ìṣáná náà mú jẹ́jẹ́. “Ẹ wọ Jọ́dánì pẹ̀lú èyí?”

“N kò wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ń mu ún nísàlẹ̀.”

Ó tẹrí ba. Mo rò pé ẹsẹ̀ ló ń wò, mo wá rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ní, “Odò kan wà lójú ogun lọ́hùn-ún, Màmá. A mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin máa ń wá pọn ọ́n láràárọ̀. Kò sẹ́ni nínú wa tó sọ fún wọn.”

Láti ìgbà tó ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yóò dárúkọ ibẹ̀ fún mi. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Mùnírátù yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tó dìde, mo sọ fún un pé n kò tíì san ẹ̀jẹ́ náà, pé ìgò kan péré ni mo mú bọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ó ní, “Nítorí ta lẹ fi jẹ́ ẹ?” Mo ní nítorí tirẹ̀. Ó ní kí n gbé ìgò náà wá, mo sì fà á yọ nínú àpò mi.

Ó fà mí lọ́wọ́ gòkè, jìnnà sí ọ̀gọ̀dọ̀. Ó mú aṣọ funfun mìíràn jáde, ó sì sẹ́ omi Jọ́dánì sínú igbá. Ó na aṣọ náà sí oòrùn, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. “Kò sí nǹkan kan níbẹ̀,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n èèyàn kì í mọ̀.” Igbá tí mo kọ̀ lọ́wọ́ Olùṣọ́àgùntàn, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dà á lé mi lórí, ó dà á sí mi lẹ́sẹ̀. Ó tutù.

Mùnírátù ti tẹ̀lé wa. Ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀ síwájú. “Ṣé ó ṣẹ́ kù?”

“Omi onígbàgbọ́ ni o, Ìyá Wàhábì,” ni Akínladé wí.

“Ẹsẹ̀ mi ò mọ ìyẹn.”

Akínladé da èyí tó ṣẹ́ kù sí i lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé garawa Mùnírátù, ó sọ̀kalẹ̀ lọ pọn omi fún wa.